Ẹ Ti Fẹ̀yìn Tì Sí Táílàǹdì, Ẹ Sì Ń Kó Lọ Sí Ìpínlẹ̀ Mìíràn: Ohun Tí Òfin Ní Kí Ẹ Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kan àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì lọ ń gbé nílẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ èrò ní London, tàbí tó ti tọ́jú aláìsàn ní Houston títí orúnkún fi ń dùn ún, mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì kì í tó nǹkan níbi tí iná, omi àti owó ilé ti wọ́n bí ojú. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wá ilẹ̀ tí ooru wà, tí oúnjẹ kò wọ́n, tí owó ilé sì mọ níwọ̀n. Táílàǹdì, ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ fàyè gba ẹni tó ti pé àádọ́ta ọdún láti máa gbé ibẹ̀ ní ọdún kan sí ọdún kan, bí kò bá ti ní ṣiṣẹ́ owó, tó sì lè fi hàn pé owó tó máa ná wà lọ́wọ́ òun.

Bí èèyàn ṣe ń gba físà náà ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ohun tí wọn kì í sáábà béèrè ni ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe bí wọ́n bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n wá kó ẹrù kúrò ní ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ti gbé Phuket, erékùṣù tó wà ní gúúsù Táílàǹdì, fún ọdún mẹ́ta. Owó ilé ibẹ̀ ń gòkè, ariwo àwọn tó ń wá gbafẹ́ létí òkun sì ti sú wọn. Wọ́n gbọ́ pé Chiang Mai, ní àríwá lọ́hùn-ún, tutù díẹ̀ nígbà ọyẹ́, àti pé ilé ibẹ̀ kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kò sọ ti èéfín oko sísun tó máa ń bo ìlú náà láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n gba ilé, ara rọ̀ wọ́n. Òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà wọn ṣì ní oṣù méje níwájú.

Ọkọ ní, "Ìyá Ìbejì, kí la tún ń wá? Físà wa kò tíì tán."

Ìyàwó dá a lóhùn pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ìjọba o. Ṣé kò yẹ ká lọ sọ fún wọn pé a ti kó?"

Bàbá kò lọ. Nígbà tí òǹtẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tán, ó gba ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de ti Chiang Mai lọ láti tún àyè ìgbé rẹ̀ ṣe fún ọdún mìíràn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wo orúkọ rẹ̀, ó ní Phuket ni ìwé ṣì sọ pé bàbá ń gbé. Ó béèrè ẹ̀rí ibùgbé tuntun. Bàbá kò ní. Onílé tó yẹ kó fi ọ̀rọ̀ náà tó ìjọba létí wà ní ìrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ń sáré lọ.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a la ohun kan yé ara wa, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn àgbà jù. Kíkó tí èèyàn kó láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kò pa àyè ìgbé rẹ̀ rẹ́. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ní Phuket ṣì fìdí múlẹ̀ ní Chiang Mai, ní Udon Thani àti ní Hua Hin, títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Kò sí ẹni tó ní láti jáde kúrò ní ìlú kó tún gba físà tuntun nítorí pé ó kó ilé. Ohun tó yí padà ni àkọsílẹ̀ ibi tí ẹni náà ń gbé, àti ọ́fíìsì tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà

Òfin Táílàǹdì lórí ìwọlé-wọ̀de àwọn àjèjì ti ọdún 1979 ló wà lẹ́yìn gbogbo èyí. Nínú ìwé tiwọn, ọdún 2522 ni wọ́n kọ sí orí òfin náà, nítorí kíka ọdún ti ẹ̀sìn Buddha ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún ọ̀hún ní ìlànà tiwa yóò yọ 543 kúrò. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, torí ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sínú ìwé àdéhùn ilé yín lè jẹ́ 2568, èyí tó jẹ́ 2025 lọ́dọ̀ wa. A ti rí ẹni tó rò pé onílé fún òun ní ilé fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ó lé.

Abala 37 òfin náà sọ ojúṣe àjèjì fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa gbé ibi tó sọ fún ìjọba pé òun yóò máa gbé. Bó bá kó kúrò níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 24. Bí ibùgbé tuntun bá sì bọ́ sí abẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá mìíràn, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ láàárín wákàtí 24 tó bá ti dé. Bó bá ti gbé ìlú náà ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ ibi tó wà, kó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ àádọ́rùn-ún ọjọ́. Abala 38 ní tirẹ̀ gbé ojúṣe ka olórí ilé lórí: onílé, tàbí ẹni tí ilé wà níkàáwọ́ rẹ̀, tàbí máníjà òtẹ́ẹ̀lì, gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba láàárín wákàtí 24 pé àjèjì ti dé sọ́dọ̀ òun.

Láti inú àwọn abala wọ̀nyí ni àwọn fọ́ọ̀mù tí ẹ máa ń gbọ́ orúkọ wọn ti jáde. Lẹ́tà méjì tó wà níwájú wọn, TM, wá láti inú èdè Thai, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní "tọ mọ". Ìgékúrú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí yíyẹ àwọn tó ń wọ̀lú wò ni. TM.28 ni fọ́ọ̀mù tí àjèjì fi ń sọ pé òun ti kó. TM.30 ni èyí tí olórí ilé fi ń sọ pé àjèjì wà lọ́dọ̀ òun. TM.47 ni ti àádọ́rùn-ún ọjọ́. TM.7 ni fọ́ọ̀mù ìtúnṣe àyè ìgbé, TM.8 sì ni ti ẹni tó fẹ́ jáde kó tún padà wọlé láìpàdánù àyè ìgbé rẹ̀.

Òfin 1979 yìí kì í ṣe nítorí àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ni wọ́n ṣe é. Fún ọdún púpọ̀, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè TM.30 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún 2019 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un káàkiri, ariwo sì sọ láàárín àwọn àjèjì, nítorí ẹni tó bá lọ sùn níbòmíràn lálẹ́ méjì tó sì padà sílé lè di ẹni tí wọ́n ní kó tún fọ́ọ̀mù kọ. Ìjọba dẹ okùn náà ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2020: ẹni tó bá rìnrìn àjò tó sì padà sí ilé kan náà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò nílò TM.30 tuntun mọ́, bí àyè ìgbé rẹ̀ kò bá ti tán. Ṣùgbọ́n ìdẹ̀ra yìí kò kan ẹni tó kó ilé. Ilé tuntun, àkọsílẹ̀ tuntun.

TM.30 ni kọ́kọ́rọ́

Lójoojúmọ́ lónìí, TM.30 ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kọ́kọ́ ń béèrè, tí wọn kì í sì í dárúkọ TM.28 mọ́. Bó ti wù kó rí, ọ́fíìsì kan kì í ṣe bí èkejì. Ohun tí wọ́n gbà ní Phuket, wọ́n lè kọ̀ ọ́ ní Chiang Mai. Ohun tí wọn kò béèrè rí ní Pattaya, ó lè jẹ́ òun ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ní Buriram. Ìpínlẹ̀ 77 ló wà ní Táílàǹdì bí a bá ka Bangkok mọ́ ọn, aláṣẹ ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tó ń gbà túmọ̀ òfin. Nítorí náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tuntun náà kí ẹ tó kó bí ẹ bá lè ṣe é, tàbí láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkejì tí ẹ bá dé, kí ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sí. Ẹ má gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ tó ń gbé ìpínlẹ̀ mìíràn sọ.

Onílé lè fi TM.30 ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè fi í ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì lè gbé e lọ sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ tàbí kó rán ẹlòmíràn. Kí ẹ tó san owó ilé, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yóò ṣe é. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú yàrá lọ. Àwọn onílé kan kì í fẹ́ ṣe é, nítorí wọn kò fẹ́ kí ìjọba mọ̀ pé àwọn ń gba owó ilé. Bí onílé bá ń ta kò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ilé náà kò yẹ òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ayálégbé kò mọ̀. Abala 4 òfin náà, níbi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀, sọ pé olórí ilé ni ẹni tí ilé wà níkàáwọ́ rẹ̀ jù lọ, ìbáà jẹ́ onílé, ìbáà jẹ́ ayálégbé, ìbáà sì jẹ́ ní ipò mìíràn. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tó ní ìwé àdéhùn ilé lọ́wọ́ lè tọ ọ́fíìsì lọ fúnra rẹ̀ kó sì kọ TM.30 ara rẹ̀, bí onílé bá wà ní ìrìn àjò tàbí tó ń fònídónìí fọ̀ladọ́la. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń gbà á bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò béèrè ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ onílé àti ẹ̀dà ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé náà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní "tabien baan". Ẹ gba ẹ̀dà méjèèjì yìí, pẹ̀lú ìbuwọ́lù onílé lórí wọn, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ náà ni ara onílé máa ń yá jù.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, wọn yóò fún yín ní bébà kékeré kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ fi pamọ́ sínú ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sí fóònù. Tọkọtaya kò lè pín ẹyọ kan lò: orúkọ ọkọ àti orúkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ìwé ìrìnnà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń wọ ìlú náà láti May 2025 ti mọ̀ pé wọ́n ní láti kọ ibùgbé wọn sínú káàdì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní TDAC kí wọ́n tó dé. Ìyẹn kò rọ́pò TM.30.

Ní ti owó ìtanràn, abala 77 sọ pé olórí ilé tí kò bá sọ fún ìjọba lè san tó 2,000 baht. Abala 76 sọ pé àjèjì tí kò ṣe ojúṣe tirẹ̀ lábẹ́ abala 37 lè san tó 5,000 baht, pẹ̀lú tó 200 baht fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ṣe é. Ìyẹn ni òpin tí òfin fà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì máa ń san ohun tó kéré sí ti ẹni tí wọ́n mú.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da TM.30 pọ̀ mọ́ TM.47. Kíkó ilé kò tún kíka àádọ́rùn-ún ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ wọ ìlú kẹ́yìn, tàbí láti ọjọ́ tí ẹ fara hàn kẹ́yìn, ni wọ́n ti ń kà á. Bí ẹ bá jáde kúrò ní Táílàǹdì tí ẹ sì padà, kíkà náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Ẹ lè fara hàn láti ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ọjọ́ tó pé títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ìyẹn, tó sì fúnra rẹ̀ lọ, 2,000 baht ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kó, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ fún àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ náà máa ń fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ibùgbé yín ti wà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tuntun, ẹni tó bá sì fi àdírẹ́sì àtijọ́ ránṣẹ́ nítorí pé ó yá, bí bàbá inú àpẹẹrẹ wa ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí òun kò gbé mọ́ ni òun wà. Bí wọ́n bá ti gbà yín lójúkojú lẹ́ẹ̀kan ní ìpínlẹ̀ tuntun, ẹ lè padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ tún mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàárín pípẹ́ fara hàn àti gbígbé ìlú kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Ti àkọ́kọ́ kò ba àyè ìgbé jẹ́; owó ìtanràn ni òpin rẹ̀. Èkejì le gan-an. 500 baht ni fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, títí dé 20,000 baht. Láti oṣù Kẹta ọdún 2016, ẹni tó bá sì kọjá ọjọ́ rẹ̀ ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ kó tó fúnra rẹ̀ jáde kò ní lè wọ Táílàǹdì fún ọdún kan. Bó bá ju ọdún kan lọ, ọdún mẹ́ta ni. Ẹni tí wọ́n bá mú kó tó lọ, ìbáà jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ló fi kọjá, ọdún márùn-ún gbáko ni wọn yóò fi lé e jìnnà. Àgbà ẹni àádọ́rin ọdún tí ilé, ìyàwó àti dókítà rẹ̀ wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé bẹ́ẹ̀.

Ìtúnṣe àyè ìgbé ní ìpínlẹ̀ tuntun

Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ni ẹ ó ti tún àyè ìgbé ṣe. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń gba ìwé láti ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ tí òǹtẹ̀ yóò tán. Owó rẹ̀ jẹ́ 1,900 baht. Wọn yóò béèrè TM.7, fọ́tò, ẹ̀dà àwọn ojú ìwé ìrìnnà, TM.30, ìwé àdéhùn ilé, àti máàpù ọ̀nà ilé tí àwọn kan máa ń fẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín yà. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ti máàpù. Wọ́n lè wá wo ilé náà lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó wá gba sùúrù. Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin là sílẹ̀: kí 800,000 baht wà ní báǹkì ilẹ̀ Táílàǹdì ní orúkọ yín, tàbí kí 65,000 baht máa wọlé lóṣooṣù, tàbí kí owó báǹkì àti owó tó ń wọlé lọ́dún papọ̀ di 800,000. Fún ẹni tó ń lo ti báǹkì, owó náà gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ fún oṣù méjì kó tó lọ, kó sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i. Láti oṣù Kẹta ọdún 2019, kò tún gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 400,000 lọ nínú àwọn oṣù yòókù. Àṣìṣe tó ń pa àwọn tó ń kó ilé nìyí. Wọ́n yọ owó nínú 800,000 láti fi san owó ìdúró ilé tuntun àti owó ọkọ̀ ẹrù, wọ́n ní àwọn yóò dá a padà. Báǹkì kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá owó ìkólé yín síbòmíràn.

Bí àwọn kan bá gba físà oríṣi O-A láti òkèèrè kí wọ́n tó wá, ìwé adójútòfò ìlera tún kàn wọ́n, èyí tó di dandan láti 31 October 2019. Kí wọ́n rí i pé ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ tuntun ń gba ìwé náà.

Ẹni tó bá béèrè ìgbà tó dára jù láti kó, ìdáhùn wa ni pé lẹ́yìn tí òǹtẹ̀ tuntun bá ti wọ ìwé ìrìnnà, tí oṣù mẹ́ta owó báǹkì sì ti kọjá. Oṣù tó kẹ́yìn nínú ọdún àyè ìgbé ló burú jù. Bí ọ́fíìsì àtijọ́ bá sì ti gba ìwé yín, tí wọ́n ní kí ẹ padà wá gba èsì, ẹ má kó títí ẹ ó fi gbà á, nítorí ọ̀dọ̀ wọn náà ni ẹ ó padà sí.

Báǹkì àti lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì

Ìwé ẹ̀rí owó tí ọ́fíìsì ń fẹ́, báǹkì ló ń kọ ọ́, àwọn báǹkì kan sì wà tí wọ́n ń fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ka tí ẹ ti ṣí àkáǹtì ni yóò kọ ọ́. Ẹni tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Phuket nígbà tí òun wà ní Chiang Mai yóò rí i pé ọkọ̀ òfuurufú ni yóò wọ̀ nítorí bébà kan. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó kó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí àkáǹtì sí ẹ̀ka tó wà nítòsí yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé 800,000 láti àkáǹtì kan sí òmíràn nígbà tí ìtúnṣe bá ti sún mọ́lé.

Fún ẹni tó ń lo 65,000 lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di ìparí ọdún 2018, iléeṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ní Bangkok máa ń fọwọ́ sí lẹ́tà pé báyìí ni owó tó ń wọlé fún ẹni náà. Láti January 2019 wọ́n ti ṣíwọ́ rẹ̀. Owó náà gbọ́dọ̀ máa wọ báǹkì Táílàǹdì láti òkèèrè lóṣooṣù báyìí, kí ìwé báǹkì sì fi hàn. Oṣù kan tí kò bá wọlé, àlàfo ni.

Ohun tó sì lè dá a dúró kò ju lẹ́tà kan lọ. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ìwé ẹ̀rí ìwàláàyè ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lókèèrè, kí wọ́n fi ẹlẹ́rìí sí i pé àwọn kò tíì kú. Ti Amẹ́ríkà náà ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni 7162. Àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Bí ó bá lọ sí Phuket tí ẹnikẹ́ni kò dá a padà, wọn yóò dá owó dúró. Owó tó dúró yóò dá àlàfo sílẹ̀ nínú ìwé báǹkì. Àlàfo náà ni ọ̀dọ́mọbìnrin ìdí kọ̀ǹpútà yóò sì fi ìka tọ́ka sí. Àwọn òbí wa nílé tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Iléeṣẹ́ PTAD náà ní kí wọ́n máa fi hàn pé àwọn ṣì wà láàyè. Lọ́sẹ̀ tí ẹ bá kó gan-an ni kí ẹ kọ̀wé àdírẹ́sì tuntun sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ mọ́ kíkó ilé tààrà. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbé pẹ́ẹ́lí fún ẹni tó ń gbé Táílàǹdì; iye tó wà nígbà tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níbẹ̀ ni yóò máa gbà, àfikún ọdọọdún kò ní kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tó padà sí Nàìjíríà. Ní Philippines, tí kò jìnnà síbẹ̀, àfikún ń kàn án. Ẹni tó ń ṣírò 65,000 lóṣooṣù fún ogún ọdún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Ìwé kékeré mìíràn tún kù. Ìwé ìwakọ̀ tó gbé àdírẹ́sì àtijọ́ ní ọ́fíìsì ìrìnnà ìpínlẹ̀ tuntun ti ń gba àtúnṣe. Ẹni tó bá ní ìwé ilé aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń fún àjèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ òun ní ìlú àtijọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ti tuntun láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹni tó ti pẹ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá wa pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́sàn-án rẹ̀. Kò yẹ kó sá, kò sì yẹ kó wá àwọn tó ń pariwo pé àwọn mọ ẹnìkan ní ọ́fíìsì, tí wọn yóò yá èèyàn ní 800,000 fún ọjọ́ díẹ̀ tàbí kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé tí kò gbé rí. Bí àṣírí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá tú, àyè ìgbé yóò lọ, orúkọ ẹni tó ni ìwé ìrìnnà ni yóò sì wà nínú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, kì í ṣe ti alágbàwí.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kó pe onílé lórí fóònù, kó gba fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ilé pẹ̀lú ìbuwọ́lù, kó sì béèrè bóyá ó lè fi TM.30 ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ibi tó wà. Bí onílé bá kọ̀, lọ́jọ́ kejì kó gbé ìwé àdéhùn ilé tirẹ̀, ríséètì owó ilé àti ìwé iná lọ sí ọ́fíìsì, kó sọ pé ilé wà níkàáwọ́ òun gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, kó kọ TM.30, kó sì san owó ìtanràn láìjiyàn. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Wọn kì í fẹ́ ẹni tó ń jágbe, bí àwa náà kì í ti í fẹ́ ọmọ tó ń jágbe mọ́ àgbà. Kó gba ìwé báǹkì lọ́jọ́ tó fẹ́ fi TM.7 sílẹ̀ gan-an, torí àwọn ọ́fíìsì kan kì í gba ti àná. Kó lọ ní kùtùkùtù, kí nọ́ńbà tó tán.

Bí báǹkì bá wá ní Phuket ni òun yóò ti kọ lẹ́tà náà, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yóò dùn ún, ṣùgbọ́n yóò dé padà kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé. Ìyá Ìbejì náà gbọ́dọ̀ bá a lọ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tirẹ̀, nítorí Phuket ni òun náà ṣì wà lójú ìwé.